Kílò mélòó ló yẹ kí aboyún ìbejì fi sára?

Orí sìmẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àwọn aboyún wà ní kíríníkì tí àbúrò mi ń lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá kàn á bọ́ bàtà, á gbé báàgì rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á sì gun orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á wo nọ́ńbà, á kọ ọ́ sínú káàdì, ẹlòmíràn á bọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí mo bá àbúrò mi lọ, mo ka obìnrin mọ́kànlélógún tó gun òṣùwọ̀n náà. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ ìtumọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. N kò dá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́bi, méjì péré ni wọ́n, èrò sì ti kún títí dé ìta.

Oyún ìbejì ni àbúrò mi ní. Kílò 58 ni nígbà tó gba káàdì lọ́sẹ̀ kọkànlá, bó sì ṣe wà kó tó lóyún náà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejìdínlógún, 59 ni. Nígbà tí scan fi hàn pé ọmọ méjì ni, ìmọ̀ràn tó kọ́kọ́ dé látilé ni pé kó dín oúnjẹ kù, kí àwọn ọmọ má baà tóbi jù nínú, kí wọ́n má baà ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́. Tìfẹ́tìfẹ́ ni màmá fi sọ ọ́, torí ohun tí wọ́n sọ fún àwọn náà nígbà tiwọn nìyẹn. Àbúrò mi wá bi mí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kílò kan yìí kò kéré báyìí? Àbí kí n tún dín in kù?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo wá èsì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì rí i pé ohun tí a ń sọ fún aboyún ìbejì nínú ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdì-kejì ohun tí ara rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Káàkiri ayé, nǹkan bí 12 nínú 1,000 ìbímọ ló ń jẹ́ ìbejì. Dókítà Patrick Nylander, tó ṣèwádìí nílẹ̀ Yorùbá láàrin 1972 sí 1982, rí 45 sí 50 nínú 1,000. Igbó-Ọrà, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, ti ń ṣe ọdún ìbejì láti 2018. Àwọn kan ní iṣu ló ń fà á, àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasà ni; kò sí ìwádìí kankan tó tíì fìdí èyí múlẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ìbejì tó wá láti inú ẹyin méjì, àwọn tí kò jọra délẹ̀, ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó jọra délẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí ju ibòmíràn lọ. A mọ oríkì ìbejì sórí. Wínrinwínrin lójú orogún, ejìwọ̀rọ̀ lójú ìyá rẹ̀. A mọ bí a ṣe ń se ẹ̀wà fún wọn, tí a ń pe ọmọdé àdúgbò jọ. Ohun tí ìyá wọn jẹ nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni a kì í béèrè.

Ní 2009, àjọ Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí àwọn dókítà ń lò títí di òní. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i yé mi dáadáa. Wọ́n wo àwọn obìnrin tí oyún ìbejì wọn pé ọ̀sẹ̀ 37 sí 42, tí ìwọ̀n àwọn ọmọ wọn sì tó kílò méjì ààbọ̀ ní ìpíndọ́gba, wọ́n wá wo kílò tí àwọn ìyá náà fi kún ara. Fún obìnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ bá gíga rẹ̀ mu kó tó lóyún, kílò 17 sí 25 ni. Ẹni tó ti sanra díẹ̀ tẹ́lẹ̀, 14 sí 23. Ẹni tó sanra gan-an, 11 sí 19. Ẹni tó tín-ín-rín jù kò rí nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìlànà náà, nítorí àkọsílẹ̀ nípa irú wọn kò tó. Dókítà ló máa ń bá a ṣètò tirẹ̀. Ẹ fi wé ti oyún ọmọ kan: ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá gíga rẹ̀ mu, kílò 11 ààbọ̀ sí 16 ni wọ́n ń retí lára rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé obìnrin tó sanra gan-an pàápàá, tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún pé kó má jẹun mọ́, ó yẹ kó fi kílò 11 ó kéré tán kún ara bó bá jẹ́ ìbejì ló wà níbẹ̀.

Láti mọ ọ̀wọ́ tí ẹ wà, ẹ mú kílò tí ẹ wà kí ẹ tó lóyún, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, ẹ tún fi gíga kan náà pín èsì rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sáàrin 18.5 sí 24.9, ìwọ̀n yín bá gíga yín mu. Láti 25 sí 29.9, ẹ sanra díẹ̀. Ó di 30 lọ sókè, ẹ sanra gan-an. Gíga àbúrò mi jẹ́ mítà 1.60. A fi pín 58, a tún fi pín in, ó bọ́ sí 22.7 tán. Ó wà láàrin. Ìyẹn ni pé kó tó bímọ, ó yẹ kí òṣùwọ̀n gbé e dé 75 ó kéré tán, kó má sì kọjá 83.

Mo jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ká ní ó ti fi kílò méjì kún un ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni, ìyókù á jẹ́ díẹ̀ lé ní 600 gíráàmù lọ́sẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì. Ṣùgbọ́n kílò kan ló ní lọ́sẹ̀ kejìdínlógún. Ó wá ku kílò 16 fún ọ̀sẹ̀ 19, ó lé ní 800 gíráàmù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí níbi tí mo ti tẹ̀ sórí ìwé náà.

Èyí ló gbé mi dé ibi tí mo rò pé ó ṣe kókó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ìgbà tí kílò náà wọlé. Ìyá ọmọ kan lè máa kún díẹ̀díẹ̀ títí dé oṣù kẹfà, kó wá san gbèsè rẹ̀ padà ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Ìyá ìbejì kò ní oṣù mẹ́ta yẹn. Ó lé ní ìdajì àwọn ìbejì tí wọ́n ń bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì. Bó bá sì di oṣù keje, ilé ọmọ á ti gbé ikùn sókè débi pé òkèlè mẹ́rin á ti yó o, àyà á máa ta á, kò ní lè jẹun bó ti fẹ́ mọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ìyá ìbejì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kílò tí wọ́n fi kún ara ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún máa ń hàn kedere nínú ìwọ̀n àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ ìbí. Ọ̀rá tí ara ìyá bá kó pamọ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ yóò máa fà lò nígbà tí wọ́n bá ń yára dàgbà, tí àyè oúnjẹ sì ti dínkù. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀ kì í dúró kí odò gbẹ kó tó pọnmi.

Àwọn oṣù yìí gan-an ni èébì máa ń bá aboyún ìbejì jà jù. Omi ara tó ń fa èébì oyún pọ̀ nínú ẹni tó gbé méjì ju ẹni tó gbé ọ̀kan lọ. Àbúrò mi kò lè gbọ́ òórùn epo gbígbóná fún oṣù méjì gbáko. Ohun tó ṣe é láǹfààní ni oúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹta, nǹkan gbígbẹ lówùúrọ̀ kó tó dìde lórí ibùsùn, àti omi tí a kò jẹ́ kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú aboyún, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń pọ́n dúdú, tí òṣùwọ̀n sì ń lọ sílẹ̀, ìyẹn ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi orógbó tàbí àtalẹ̀ wò nílé. Ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n fa omi sí i lára.

Ọ̀rọ̀ pé oúnjẹ ìyá yóò mú ìbejì tóbi jù, jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó sábà ń fa iṣẹ́ abẹ nínú oyún ìbejì ni bí àwọn ọmọ ṣe sùn sí inú, pàápàá bí èyí tó wà níwájú kò bá kọ orí sísàlẹ̀. Tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Tàbí ibi tí olóbi jókòó sí. Ẹyin tí ìyá jẹ kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ìbejì ń jìyà rẹ̀ ni kíkéré. Ọmọ tí kò tó kílò méjì ààbọ̀, òtútù á tètè mú un, kò ní lágbára láti fa ọmú dáadáa, àìsàn á sì tètè rí i gbé. Kékeré tí a rò pé yóò rọrùn láti bí, òun ni yóò ṣòro láti tọ́.

Wàyí o, kí ni kó jẹ? Àwọn àgbà ti fi oríkì sọ oúnjẹ ìlú wa tipẹ́: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọ̀kà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Mo fẹ́ràn láfún, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ẹ wo abọ́ tí mo bá níwájú àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀kà ga bí òkìtì, ewédú ṣàn yí i ká, pọ̀nmọ́ kan ṣoṣo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdajì ọ̀kà náà ló jẹ, ó ní òun ti yó. Lóòótọ́ ló yó. Láfún fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan mìíràn nínú ju èròjà afúnnilókun lọ, pọ̀nmọ́ kò sì lè ṣe iṣẹ́ ẹran. Ọmọ méjì ń mọ egungun àti ẹran ara nínú obìnrin yìí, ohun tí wọn yóò fi mọ ọ́n kò sì sí nínú abọ́ náà.

A kò gba ọ̀kà lọ́wọ́ rẹ̀. A dín òkìtì náà kù, a sọ gbẹ̀gìrì di púpọ̀, ẹja ṣáwá méjì rọ́pò pọ̀nmọ́. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí ẹyin odindi wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán, ẹ̀wà. Láàrin oúnjẹ kan sí èkejì, ẹ̀pà tàbí kajú, èyí tó pọ̀ lágbègbè wa yìí. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri, a máa ń rà á, ṣùgbọ́n a ń dín in tàbí kí a fi sínú ọbẹ̀ kó hó dáadáa kó tó jẹ ẹ́, nítorí aboyún kò gbọ́dọ̀ fi wàrà tí iná kò tíì kàn lẹ́ẹ̀kejì ṣe oúnjẹ. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ń bọ̀ lóríṣiríṣi. Nǹkan bíi 600 kálórì lé lórí oúnjẹ àtẹ̀yìnwá ni wọ́n sábà ń gba aboyún ìbejì nímọ̀ràn pé kó máa jẹ lóòjọ́, 300 nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà tó tó 50 gíráàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 yẹn fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé kó máa jẹ oúnjẹ ènìyàn mẹ́ta. Ohun kékeré tó lágbára nínú, lemọ́lemọ́, ni.

Mo mọ ohun tí òǹkàwé kan ń sọ sínú: owó dà? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọjà kò rí bákan náà mọ́. Fún oṣù kẹfà 2024, àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìṣirò lórílẹ̀-èdè yìí kéde pé owó oúnjẹ ti gun òkè pẹ̀lú 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ọdún kan. Ẹ̀wà tí a ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù di ohun tí ènìyàn ń bi iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjà Tákié. Ẹ̀pà, sóyà, edé àti ẹja ṣáwá ṣì ń fún owó kékeré lọ́lá ju ẹran màlúù lọ. Àmọ́ ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹyin àti ẹran tó tóbi jù, abọ́ baálé ló ń lọ. Fún oṣù mẹ́fà péré, kó máa lọ sínú abọ́ aboyún. Ọkọ àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ẹni tó bá sì ń sọ fún aboyún pé ẹyin yóò sọ ọmọ rẹ̀ di olè, kó mọ̀ pé ẹnu ọmọ náà ni òun ti ń já ẹyin gbà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré nínú oyún ìbejì. Ẹ̀jẹ̀ ìyá gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ju ti oyún ọmọ kan lọ, àìtó ẹ̀jẹ̀ sì wọ́pọ̀ lára wọn gan-an. Ẹ fi omi tàbí ọsàn lò ó, kì í ṣe tíì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gba èròjà inú rẹ̀. Àgbo kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ó ku ibì kan tí ìdùnnú òṣùwọ̀n ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Kì í ṣe gbogbo kílò tó wọlé ló jẹ́ ẹran ara. Bí ìwọ̀n aboyún bá dédé fò sókè pẹ̀lú kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ọjọ́ mélòó kan, tí ojú rẹ̀ wú lówùúrọ̀, tí òrùka kò jáde lọ́wọ́ mọ́, tí orí ń fọ́ ọ tí kò lọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí abẹ́ egungun ìhà ń dùn ún, omi ló ń kún ara, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún sì lè wà nídìí rẹ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti kan 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ lọ́jọ́ náà. Aboyún ìbejì súnmọ́ ewu yìí ju àwọn yòókù lọ, gìrì aboyún ló sì ń yọrí sí bí a bá jókòó tì í. Ládùúgbò wa, irú ojú wíwú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí tí wọ́n ń sọ pé, "Oyún yìí mà yẹ ẹ́ o, ó ti sanra." Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi. Ẹni tó bá wú lójú lójijì, ẹ má yìn ín. Ẹ gbé e lọ, ì báà jẹ́ òru.

Bákan náà ni ikùn tó bá dédé tóbi tó sì le bí ìlù láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí kò jẹ́ kó mí dáadáa. Èyí lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìbejì tó jọ ń lo olóbi kan, kí ọ̀kan máa gba ẹ̀jẹ̀ ju èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí scan wáyé kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, nígbà tó ṣì rọrùn láti rí i bóyá olóbi kan ni tàbí méjì.

Ní ti ibi tí yóò bí i sí, ìlú wa ní oore kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì, ti LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen, èyí tó hù láti inú iṣẹ́ ìṣègùn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907. Ìbejì yẹ ní ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì lè tọ́jú ọmọ tó bá tètè dé.

Láti ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún yẹn ni àbúrò mi ti so ìwé ẹ̀sáàsáìsì kan mọ́ ìṣó lára ògiri ilé ìdáná. Ní gbogbo Ọjọ́rú, á lọ wọn ara rẹ̀ ní kẹ́míìsì tó wà ní ìkòríta, lórí òṣùwọ̀n kan náà, kó tó jẹun àárọ̀, á dé, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, a gbọ́ tí màmá ń bi í láti ẹnu ọ̀nà pé, "Mélòó ló wí lónìí?" Lọ́sẹ̀ kẹrìndínlógójì, 75 ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló bí wọn, obìnrin lákọ̀ọ́kọ́, ọkùnrin tẹ̀lé e: kílò 2.6 àti 2.4.

Màmá fúnra wọn ló se ẹ̀wà ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìkòkò ńlá méjì, epo pupa ń dán lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé ti tò pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Màmá ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n bu abọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé e wọ yàrá lọ fún àbúrò mi, wọ́n sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.